Oyè Tó Gba Àyè Ọmọ Ayò

Ohun tí Ààrẹ Olúdayọ̀ Ṣówándé ṣe kò dára, ó sì yẹ kí á kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹ̀rín tó gba ẹnu wa. Obìnrin kan fi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ṣe eré ayò fún bàbá rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ààrẹ gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ orúkọ bàbá àti ti ọmọ kúrò nínú rẹ̀, ó sì yọ òfin tó dára jù lọ nínú ayò, kí àyè lè gba oyè tirẹ̀. Kò jí owó ẹnikẹ́ni. Kò na ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú iṣẹ́ ọwọ́ ọlọ́wọ́ tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ dé e lórí bíi fìlà, olè ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbádá ló wọ̀ nígbà tó ń jalè náà.

Nígbà tí a ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin náà dáadáa, nítorí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, òun ni alábòójútó ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní ìgboro Barking ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó máa ń wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán, wọ́n sì ń pè é ní Dave níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti mọ́, Dave a kú, Ààrẹ a sì jíǹde. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá Upney àti Agbègbè Rẹ̀. Ó ti wà lórí oyè fún ọdún mọ́kànlá. Ìdí tí wọ́n fi yàn án kò le: ní ọjọ́ ìdìbò, òun nìkan ló tètè dé, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà.

Oyè méje ló ní, yàtọ̀ sí orúkọ. Ààrẹ Àpapọ̀ ni, Alàgbà ni, Onímọ̀ Ẹ̀rọ ni, Atúnlùúṣe Upney ni, Ìmọ́lẹ̀ Tó Tàn Dé Dagenham ni, Baba Ìgbàlódé ni, Òpó Tí Kì Í Yẹ̀ sì ni. Bí ẹ bá ń béèrè ẹni tó fi í jẹ àwọn oyè wọ̀nyí, ìgbìmọ̀ kan wà fún un. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà: Ààrẹ, akọ̀wé Ààrẹ, àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ti kó lọ sí Kent láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn tí wọn kò tíì yọ orúkọ rẹ̀.

Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí wọ́n ń pè ní Ìdúró-Oyè. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dìde, kí Bọ́ládé tí í ṣe akọ̀wé sì ka oyè méjèèje láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn lè fara ti ògiri, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jókòó. Bí Bọ́ládé bá parí, a ní, "Kí Ààrẹ pẹ́." Àwọn ènìyàn a dáhùn pé, "Kó pẹ́." Wọn kò dáhùn nítorí ìfẹ́, wọ́n dáhùn nítorí pé lẹ́yìn ìdáhùn náà ni wọ́n ń jókòó.

Nísinsìnyí, ó kan Suwebat.

Suwebat ọmọ Síkírù ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ kékeré kan nínú ilé ìtajà Vicarage Field. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì ra ẹ̀rọ ìṣeré àlòkù kan fún un ní ọjà Ọjọ́ Àìkú ní Dagenham. Àpótí dúdú kan ni, a lẹ pákó mọ́ ọn lójú, a ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ọ̀pá ìdarí méjì, bọ́tìnnì pupa kọ̀ọ̀kan sì wà lára wọn. Kásẹ́ẹ̀tì eré la ń kì bọ̀ ọ́ lórí, bí ẹni ń ki búrẹ́dì bọ inú ẹ̀rọ tí ń yan án. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí Barking lọ, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Síkírù náà ti dàgbà. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kó tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀ta ni nínú ayò, òpè kì í sì í dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bó bá fẹ́ kó ọmọ ayò nínú ihò, wọn a fọ́n ká sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ kan ó ṣa gbogbo wọn, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọpọ́n náà, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Suwebat rí i. Ó tún rí nǹkan mìíràn: ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn a máa dákẹ́ bó bá di nǹkan mú gírígírí.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ènìyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ṣì ń ṣe eré tuntun fún ẹ̀rọ àtijọ́, Suwebat sì kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tó ni ènìyàn lára ni. Gbogbo àyè tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà kò gbà ju lẹ́tà ẹgbàajì ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lọ, kò sì sí ọ̀kan lé. Fóònù tó wà nínú àpò yín ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀nà àìmọye. Ẹ rò ó bíi yàrá kan ṣoṣo tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà ń gbé: bí àga kan bá wọlé, àga kan gbọ́dọ̀ jáde. Inú yàrá yẹn ni Suwebat kó ihò méjìlá sí, àti ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, àti alátakò kan tó ń dá ronú bí kò bá sí ẹni kejì, àti ìró kékeré tó ń dún "tó" nígbà tí ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sínú ihò. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń ka òfin fún un.

Ó ní, "Suwe, òfin kan wà tí o kò gbọ́dọ̀ fò. Bí ọmọ ayò bá tán níwájú ẹni tí ò ń bá ta, tí ìwọ ṣì ní, o gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó lè dé ibẹ̀, ayò parí, kí o kó ìyókù."

Suwebat ní, "Kódà bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ nà mí?"

"Ẹni tó fẹ́ nà ọ́ náà ni ò ń bá ta. Ta lo tún fẹ́ fún?"

Ó kọ òfin náà sínú rẹ̀, òfin náà ló sì gba àyè jù. Nígbà tó parí gbogbo rẹ̀, ìwọ̀nba àyè tó ṣẹ́ kù gba ìlà kan péré, tí yóò hàn nígbà tí ayò bá parí: SUWEBAT LÓ ṢE É FÚN SÍKÍRÙ. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ìdarí mú, ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́, ó sì ta ayò mẹ́sàn-án ní ọjọ́ kan.

Òkìkí eré náà dé etí Ààrẹ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń múra ayẹyẹ ogún ọdún ẹgbẹ́. Ó ránṣẹ́ pe Suwebat sí ọ́fíìsì Ààrẹ. Ọ́fíìsì Ààrẹ ni igun gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn àwọn àga tí wọ́n tò léra. Bọ́ládé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wà ní itan rẹ̀.

Ààrẹ ní, "Suwebat ọmọ Síkírù, òṣìṣẹ́ ọlọ́pọlọ, mo ti gbọ́. Ìran Yorùbá ti gbọ́. Àwọn tí a kò tíì bí, wọ́n ti gbọ́."

Suwebat ní, "Ẹ ṣé, sà."

"Láti òní lọ, eré yìí ti di ti ẹgbẹ́. Àádọ́ta kásẹ́ẹ̀tì ni a ó ṣe. Gbogbo ibi tí àwọn àgbàlagbà ti ń péjọ lọ́sàn-án, láti Upney títí dé Dagenham, ni a ó gbé e lọ. Kò sí bàbá Yorùbá tí yóò tún jókòó láìrí ẹni bá tayò."

Inú Suwebat dùn. Ohun tó ti ń wù ú gan-an nìyẹn, kí bàbá rẹ̀ rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ta kí ọwọ́ náà tó kọ̀ pátápátá. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé Bàbá mi ni yóò ta àkọ́kọ́ ní ọjọ́ ayẹyẹ?"

"Kò sí ìṣòro. Ó ku ìbéèrè kékeré kan." Ààrẹ tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Níbo ni oyè mi wà?"

"Níbo bí i báwo, sà?"

"Nínú eré. Bí a bá tan ẹ̀rọ, kí á kọ́kọ́ rí oyè mi, kó máa kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí omi odò, àwòrán mi á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ayò."

"Ààrẹ, àyè ò sí. Ó ti kún dé ẹnu."

"Kò sí àyè tó kún tí kì í gba ọba." Bọ́ládé mi orí, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ààrẹ ní, "Yọ nǹkan kan. Òfin mélòó ló wà níbẹ̀? Èwo ló gba àyè jù?"

"Òfin fífún ẹni tí kò ní, sà."

"Ta ló ń lò ó?"

"Ẹni tí kò bá ní, sà."

Ààrẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó na apá agbádá rẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì kí Suwebat lè rí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Wò mí dáadáa. Ǹjẹ́ mo jọ ẹni tí kì í ní?"

Suwebat ní, "Ẹ gbọ́, sà. Òfin yẹn náà ló ń jẹ́ kí ayò parí. Bí mo bá yọ ọ́, tí ọmọ ayò sì tán níwájú yín, ẹ̀rọ kò ní fún yín, kò sì ní mọ̀ pé ayò ti parí. Yóò kàn máa dúró dè yín ni."

"Jẹ́ kó dúró. Gbogbo ayé ló ń dúró dè mí. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo pàṣẹ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ba à gba ògo rẹ̀ lọ́la."

Bọ́ládé kọ ọ́. Wọ́n tún wo oyè náà, wọ́n rí i pé Dagenham kò tíì wọlé, nítorí náà wọ́n yọ ìlà ìparí náà pẹ̀lú. Bí orúkọ Suwebat àti ti bàbá rẹ̀ ṣe jáde nínú yàrá nìyẹn, kí ìmọ́lẹ̀ Ààrẹ lè tàn dé Dagenham.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè béèrè pé kí ló dé tí Suwebat fi gbà. Ó rò nípa àádọ́ta kásẹ́ẹ̀tì. Ó rò nípa bàbá rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ayò tí kò pé sàn ju kí ayò má sí lọ. Ó ṣìnà níbẹ̀, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí kò pé tí ènìyàn mọ̀ pé kò pé, kò yẹ kó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ayẹyẹ ni wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sínú àádọ́ta kásẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá sì ti kọ ọ́ tán, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Àádọ́ta ilé àgbà yóò máa ta ayò ahun títí ẹ̀rọ yóò fi bàjẹ́.

Bàbá Síkírù dán tuntun náà wò ní Ọjọ́bọ̀. Ó dúró kí oyè kọjá. Ó ta ayò ìdajì, ó rí ohun tí ẹ̀rọ ṣe nígbà tí ọwọ́ òun ṣófo, ó sì gbé ọ̀pá ìdarí kalẹ̀.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí ní ahun?"

Suwebat ṣàlàyé. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá ní, "Wọ́n yọ orúkọ mi, ìyẹn kò dùn mí. Orúkọ mi wà lára rẹ. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ayò, mi ò sì ní ta á." Ó tún ní, "Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, Bàbá."

"Fi sínú báàgì rẹ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ebi lè pa ẹnì kan níbẹ̀."

Ní ilé Ààrẹ ní Upney, ìmúra mìíràn ni wọ́n ń ṣe. Ààrẹ ti yí ètò padà. Ó rò ó pé kò bójú mu kí àgbà kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ṣí ohun ńlá bẹ́ẹ̀. Òun fúnra òun ni yóò ta àkọ́kọ́. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá ìgbàlejò, ó ń ka ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Wúrà ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ń lọ aṣọ iṣẹ́.

Wúrà ní, "Bàbá Tóbi, ìgbà wo lẹ tayò kẹ́yìn?"

"Ní Abẹ́òkúta, ta ni kò mọ̀ mí? Ọ̀ta ni mí."

"Ìyá yín sọ fún mi pé ẹ gbé ọmọ ayò kan mì nígbà tí ẹ wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọn kò sì jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ìtàn àwọn ọ̀tá ni ìyẹn."

"Ìyá yín ni ọ̀tá?"

Ààrẹ ti gbé fóònù, ó ń pe Suwebat. Ó ní, "Suwebat, ìbéèrè kékeré kan. Ẹ̀rọ yìí, ṣé ó mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Ẹ̀rọ kò mọ ènìyàn, sà. Ọmọ ayò ló mọ̀."

"Ṣùgbọ́n oyè mi wà nínú rẹ̀."

"Ó wà nínú rẹ̀, sà. Kò lè kà á."

Wúrà fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún Bàbá Síkírù. Mo ń sọ ọ́ fún yín ní kọ̀rọ̀ ilé wa o, kí wọ́n má baà sọ ọ́ fún yín ní gbangba."

Ó dáhùn pé, "Òpó kì í yẹ̀." Kí ló tún kù tí ìyàwó lè sọ fún òpó?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. Gbọ̀ngàn tí wọ́n gbà nítòsí ọjà East Street kún. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà wà lápá kan nínú aṣọ funfun, àwọn ìyá oníhíjáàbù wà lápá kejì, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan síwájú, wọ́n so àpótí dúdú náà mọ́ ọn. Bàbá Síkírù jókòó ní ìlà iwájú, Suwebat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, báàgì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún Suwebat lẹ́nu ọ̀nà pé ètò ti yí padà.

Gbogbo ènìyàn dìde fún Ìdúró-Oyè. Bọ́ládé ka méjèèje. Wọ́n jókòó. Ààrẹ dìde, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó ní ìgbà mẹ́ta ni ayé ti yí padà: nígbà tí a rí iná, nígbà tí a rí irin, àti lónìí. Ó sọ bí òun ṣe ronú kan ayò, bí òun ṣe ronú kan ẹ̀rọ, tí òun sì so wọ́n pọ̀. Kò dárúkọ Suwebat. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn ọwọ́ kéékèèké tó ràn wá lọ́wọ́." Suwebat wo ọwọ́ rẹ̀. Ní tòótọ́, wọn kò tóbi.

Ààrẹ jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó di ọ̀pá ìdarí mú bí ọ̀pá àṣẹ, ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ.

Oyè bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè gbé ju lẹ́tà díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó ń fà wọ́n bí ìgbín. Ààrẹ Àpapọ̀ nìkan gba ìdajì ìṣẹ́jú. Kò sí bọ́tìnnì tó lè fò ó, Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló ní kó má sí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwòrán rẹ̀ jáde. Suwebat ti sa gbogbo ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ ju igun mẹ́rin lọ.

Ìyá kan ní ẹ̀yìn béèrè pé, "Ta ló gbé kẹ́tùlù síbẹ̀?"

Ẹnì kejì rẹ̀ ní, "Dákẹ́, ìyá. Ààrẹ ni."

"Ṣé ó ti hó?"

Ayò bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ kó ihò tó tóbi jù, ó tún kó èyí tó tóbi tẹ̀ lé e, nítorí ènìyàn ńlá kì í mú kékeré. Ẹ̀rọ kò yára. Ó jẹ méjì. Ó jẹ mẹ́ta. Ààrẹ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń tàn án jẹ ni. Ó tún jẹ méjì àti mẹ́ta pọ̀. Kó tó pé ìdá mẹ́rin wákàtí, ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà níwájú Ààrẹ ti mọ́ fóó, bí àwo tí ọmọ wọ̀bìà lá. Ọmọ ayò mẹ́tàdínlógún ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ọfà pupa kékeré kan yọ, ó kọjú sí Ààrẹ, ó ń ṣẹ́jú.

Ìyá tó wà lẹ́yìn ní, "Ààrẹ, ó ní ẹ̀yin ló kàn."

Ààrẹ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ní "pẹ́ẹ̀n." Ọfà ń ṣẹ́jú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Pẹ́ẹ̀n." Ẹ rántí pé ní ìdí ayò, ẹni tó ń wòran kò ní ọ̀gá. Ó lè bú ọba, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn ènìyàn yìí ti fi dúró lórí orúnkún tó ń dùn wọ́n, òní ni Ààrẹ fúnra rẹ̀ sì gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní, "Ààrẹ, ẹ má dá wa dúró. Ẹ ta."

Ẹlòmíràn ní, "Kí ni kó ta? Ṣé ẹ rí nǹkan níbẹ̀?"

Ìyá ẹ̀yìn ní, "Àbí kó ta oyè?"

Ààrẹ bínú. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n tún un tàn, pé iná ni kò tó. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án. Ẹ sì ti mọ ohun tó kọ́kọ́ jáde. Ààrẹ Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kọjá bí ìgbín. Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo gbọ̀ngàn ń bá a kà á, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n dé Dagenham, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kẹ́tùlù jáde, ìyá ẹ̀yìn kí i pé kú àbọ̀.

Ayò kejì kò pẹ́ tó àkọ́kọ́. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tún mọ́. Ọfà tún ń ṣẹ́jú. Ààrẹ sì fò dìde, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, òtítọ́ sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń ta irú ayò báyìí? Láti Abẹ́òkúta dé Ìjẹ̀bú, ẹni tó bá ní gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò ní. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Ta ni òpònú tó yọ òfin náà?"

Bọ́ládé ni ẹni tí ó gbọ́n jù lára àwọn tó ń pọ́n ọ̀gá lé, àṣìṣe kan ṣoṣo ló sì ní: bí Ààrẹ bá béèrè ìbéèrè, ó máa ń dáhùn. Ó ti ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kó tó ronú. Ó dìde, ó gbé ohùn sókè gẹ́gẹ́ bó ti mọ́ ọn lára, ó sì kà á:

"Ààrẹ Àpapọ̀, Alàgbà, Onímọ̀ Ẹ̀rọ, Atúnlùúṣe Upney, Ìmọ́lẹ̀ Tó Tàn Dé Dagenham, Baba Ìgbàlódé, Òpó Tí Kì Í Yẹ̀, nínú ọgbọ́n rẹ̀ tó jìn ju odò Thames lọ, pàṣẹ fúnra rẹ̀ pé kí a yọ òfin fífún ẹni tí kò ní, nítorí pé Ààrẹ kò jọ ẹni tí kì í ní. Ó tún pàṣẹ pé kí a yọ orúkọ Suwebat tó ṣe eré náà, àti ti Síkírù bàbá rẹ̀, kí oyè lè pé. Kí Ààrẹ pẹ́."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Bọ́ládé wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá rọra jókòó, ó sì fi ìwé bo orúnkún.

Ààrẹ dúró láàárín gbọ̀ngàn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ó wà lórí ìdúró láìsí ẹni tó ní kó pẹ́. Ó wo Wúrà. Wúrà kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì dun Ààrẹ ju ẹ̀rín lọ.

Bàbá Síkírù ló dìde. Suwebat fẹ́ dì í mú, ó ní kó fi òun sílẹ̀. Ó rìn dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, ó mú ọ̀pá ìdarí kejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ọwọ́ náà dákẹ́.

Ó ní, "Dayọ̀, jókòó. Ayò ò tíì tán. Suwe, fún wa ní tàkọ́kọ́."

Suwebat yọ kásẹ́ẹ̀tì Ààrẹ, ó ki ti inú báàgì bọ̀ ọ́. Kò sí oyè. Kò sí kẹ́tùlù. Ọpọ́n ló kọ́kọ́ yọ, ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin. Àgbà àti Ààrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Àwọn ènìyàn fa àga sún mọ́ wọn. Bàbá kò dá a sí. Ó jẹ, ó tún jẹ, nítorí ọ̀ta kì í ṣojú àánú ní ìdí ayò, títí iwájú Ààrẹ fi mọ́ fóó lẹ́ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ààrẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá ìdarí. Ó ń dúró de ọfà pupa.

Ọfà kò kọjú sí i. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló kọjú sí, torí òfin ti wà níbẹ̀. Bàbá mú ihò tó kún jù lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí ì bá kó jọ di odù, ihò ńlá tí ń jẹ ọ̀pọ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ọmọ ayò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: tó, tó, tó. Mẹ́ta bọ́ síwájú Ààrẹ.

Bàbá ní, "Ó yá, ta."

Ààrẹ wo àmì mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò tóbi ju orí ìṣó lọ. Ó rántí ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn àwọn àga tí wọ́n tò léra, pé ta ló ń lò ó. Ó ta ọ̀kan. Ó ta òmíràn. Dájúdájú, Bàbá ṣì nà án, àánú kò sọ òpè di ọ̀ta. Nígbà tí ayò parí, ìlà kan yọ nísàlẹ̀, Ààrẹ sì kà á sókè láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó kà á: "Suwebat ló ṣe é fún Síkírù."

Ó dìde. Ó ṣí fìlà. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ara tó ti mọ́ wọn fún ọdún mọ́kànlá mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, àga ń ró lọ́tùn-ún lósì. Ó na ọwọ́ sí wọn.

Ó ní, "Ẹ jókòó. Orúkọ mi ni Olúdayọ̀ Ṣówándé, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe èmi ni mo ṣe eré yìí. Suwebat ló ṣe é fún bàbá rẹ̀. Mo yọ orúkọ àwọn méjèèjì, mo yọ òfin tó ń fún ẹni tí kò ní, torí mo rò pé kò sí ọjọ́ tí n kò ní ní. Ọjọ́ náà dé lónìí lójú gbogbo yín, ẹni tí mo ṣẹ̀ ló sì fún mi. Ní Ọjọ́ Ajé, kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹ̀rọ yìí ni a ó fi ránṣẹ́, bó ṣe wà gan-an. Suwebat, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ará, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ orúnkún yín. Ẹ jókòó. Èmi ló yẹ kó wà lórí ìdúró."